Iyọ̀ Ottawa Lábẹ́ Ọkọ̀ Tó Ń Bọ̀ ní Ìlọrin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Ottawa, ní Kánádà. Wọ́n ní sípọ́ọ̀tì káà kan, Mazda MX-5 ọdún 2017, èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká. Tuntun ni wọ́n rà á, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì fi ń wà á, òjò dídì ò dá wọn dúró. Wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́ sí mi ní Ìlọrin tí ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yìí bá ti parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Tánkẹ́ ní kí n má gbà á, pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbẹ̀, pé gbogbo ọkọ̀ Kánádà ló ti jẹrà lábẹ́. Fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ ń dán gbinrin. Ṣé kí n gbà á? Kí sì ni kí wọ́n ṣe sí i ní ìgbà òtútù kan tó kù yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ó kàn yára dájọ́ ni. Ọkọ̀ tó ti rìn nínú iyọ̀ lè ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló ń di irin rẹ̀ mú. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ò lè sọ èyí tí ti ẹ̀gbọ́n yín jẹ́, torí ara ọkọ̀ ni wọ́n yà, abẹ́ àti inú ihò ni iyọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí èmi sọ ni pé kí ẹ gbà á bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bá yè, tí páìpù bíréèkì rẹ̀ sì dára tàbí tí wọ́n bá lè pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹ, kí ẹ̀gbọ́n yín tà á sí ọ̀hún, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Wẹ́dà pọ̀ ní Ìlọrin, àmọ́ irin yẹn ló gbé gbogbo ọkọ̀ náà ró. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin ò ní ibòmíràn tó lè fara tì.

Òjò dídì fúnra rẹ̀ kì í ba irin jẹ́ tó bí a ṣe rò. Iyọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ń dà sí títì ní Ontario kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, àfi pé kò mọ́, ó sì tóbi ní wóró. Omi tí iyọ̀ bá wọ̀ kì í tètè dì, ìdí tí wọ́n fi ń dà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 9 lábẹ́ òdo lórí Celsius, agbára iyọ̀ lásán ti ń tán. Nígbà náà ni wọ́n máa ń lo irú iyọ̀ mìíràn, calcium chloride tàbí magnesium chloride, tó lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn wọn ò ní dúró de òjò dídì rárá. Wọ́n á ti fi ọkọ̀ ńlá wọ́n omi iyọ̀ sójú títì kó tó rọ̀. Omi yẹn ni táyà ń ta sábẹ́ ọkọ̀, kò sì sí ihò tí kì í wọ̀.

Irú iyọ̀ kejì yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ wo bí iyọ̀ inú ike ṣe máa ń rin gbindin nílé ìdáná lóṣù Kẹjọ láìsí ẹni tó bu omi sí i. Ti calcium chloride ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Irin tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, kódà lọ́jọ́ tí títì gbẹ.

Ìpẹtà, iná mànàmáná kékeré ló wà nídìí rẹ̀, tó ń rìn láti ojú kan lára irin sí ojú mìíràn nínú omi. Omi òjò kì í gbé iná yẹn dáadáa. Omi iyọ̀ ń gbé e. Ooru sì ń mú kó yá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé lọ́hùn-ún pàápàá ò mọ apá tó kẹ́yìn yìí: ọkọ̀ tí wọ́n fi síta mọ́jú nínú òtútù ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo, tí iyọ̀ bò, kò ní jẹrà tó èyí tí wọ́n ń gbé wọ ilé ọkọ̀ tó lóoru lálaalẹ́. Inú ooru yẹn ni yìnyín abẹ́ rẹ̀ ti ń yọ́, tí omi iyọ̀ ń wọnú irin, tí ìpẹtà sì ń rí àyè ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sùn. Mo fẹ́ mọ ìyẹn ju iye máìlì tó ti rìn lọ.

Ẹ wá ro ibi tí ọkọ̀ náà ń bọ̀. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá ni òjò wa ní Ìlọrin, ooru ò sì lọ síbì kankan. Iyọ̀ tó ti ń tòògbé nínú ihò irin láti Ottawa yóò jí níbí. Mo ti rí ọkọ̀ Kánádà tó wọlé lásìkò ọyẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì rò pé òun ti bọ́. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ibi tí wọ́n ń fi jáàkì gbé ti ń wó wọnú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí iyọ̀ lójú títì wa, ìpẹtà á dúró síbi tó dé, kò mọ̀ pé iyọ̀ bá ọkọ̀ wọkọ̀ ojú omi.

Ní ti MX-5 gan-an, ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ fi í han ayé, ní Chicago. Láti ìgbà náà wá, ẹni tó bá ti tún un ṣe rí mọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́: irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, pàápàá ibi tó ti fẹ́ kan táyà ẹ̀yìn. Ihò ni inú irin yẹn. Omi tó bá ṣàn lórí òrùlé aṣọ rẹ̀ ní ojú ihò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó tó ń gbà jáde sísàlẹ̀. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ojú ihò yìí, omi á kún, á sì wá ọ̀nà wọ inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ síta. Tí ẹ bá fi máa rí i kí ọ̀dà ibẹ̀ wú, inú ti tán. Kí ẹ̀gbọ́n yín da omi díẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jáde lábẹ́. Ìṣẹ́jú kan ò ní kọjá lórí ẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣe láti 2015 wá, tí ti ẹ̀gbọ́n yín wà lára wọn, sàn ju ti àtijọ́ lọ. Àmọ́ wọ́n ní ohun kan tó lè da àwọn páńẹ́lì bítà wa lójú rú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìdérí búùtù àti irin tó bo táyà iwájú, alumíníọ̀mù ni gbogbo wọn. Òòfà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi òòfà wá fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó bàjẹ́ lára ọkọ̀, á pariwo pé gbogbo iwájú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti fi fílà rọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n; nǹkan funfun bí ẹfun ló máa ń yọ lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, pàápàá níbi tí bọ́ọ̀tì irin ti gbá a mú tí omi iyọ̀ sì wọ àárín àwọn méjèèjì. Irin tó bo táyà ẹ̀yìn àti abẹ́ ilẹ̀kùn ni òòfà ti wúlò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀ wọ́n ni fídíò, kì í ṣe fọ́tò. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ tí ń gbé ọkọ̀ sókè. Kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀, kó gbẹ, kí wọ́n wá máa fi ẹ̀yìn sikudiráfà kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń yà á. Irin tó yè máa ń dún goro bí agogo. Èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ọ̀, tàbí kí ó kàn wọlé. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n tún fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí wọ́n ń fi jáàkì gbé, àwọn irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, àti bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe aláìnímẹ́ǹtì. Bí bọ́ọ̀tì yẹn bá ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà, ọjọ́ tí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Ìlọrin, gáàsì ni wọ́n á fi gé e.

Páìpù bíréèkì ni èmi ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Irin ni, ó tín-ín-rín, ó gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdí àwọn ike tó dì í mú sì ni iyọ̀ ti ń sá pamọ́. Ìpẹtà á jẹ ẹ́ títí á fi ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ tí ẹ ń fi tẹ bíréèkì ò sì ní mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára torí màlúù já sójú ọ̀nà nítòsí Ìdọ̀fìàn ló máa bẹ́. Ní 2015, NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, parí ìwádìí lórí irú páìpù bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀. Wọn ò ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kó wọn padà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí àwọn tó ni ọkọ̀ máa fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa yẹ páìpù wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Bí ti ẹ̀gbọ́n yín bá ti ń wú, tó ń hó lára, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó wọkọ̀ ojú omi, sí irú èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́lì tí wọ́n yọ́ pọ̀ ṣe. Èyíinì kì í dípẹtà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ̀ bá ra Toyota. Ní 2016 ni Toyota gbà ní Amẹ́ríkà láti ná owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ lórí chassis, irin tó gbé ọkọ̀ ró, tó ń jẹrà lára àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ńlá bíi Tacoma, Tundra àti Sequoia. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń wọ Nàìjíríà ní tókúnbọ̀, mélòó sì ni ẹni tó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ wọn kó tó rà? A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, a tan AC, ó tutù, a sanwó. Ibi tí ọkọ̀ ti gbé ayé rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọdún tí wọ́n ṣe é lọ. Èyí tó bá ti Arizona wá, oòrùn á ti jẹ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ti Michigan, Ohio, Ontario tàbí òkè New York wá, abẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní ọkọ̀ mìíràn, ìmọ̀ràn mi kò gùn: kí wọ́n fọ MX-5 yìí tinú-tabẹ́ lóṣù Kọkànlá, kí wọ́n gbé e sílé, kó má jáde mọ́ títí òjò tó rọ̀ lẹ́yìn òtútù á fi fọ iyọ̀ kúrò lójú títì. Kò sí òróró tàbí ọ̀dà tó dára tó kí ọkọ̀ má kan iyọ̀ rárá. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ní, ó ṣeé wà.

Táyà ló ṣe pàtàkì jù, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn. Táyà ẹ̀ẹ̀rùn tí sípọ́ọ̀tì káà sábà máa ń gbé, rọ́bà rẹ̀ máa ń le tí ojú ọjọ́ bá ti tutù kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 7. Nínú òtútù gidi ó lè sán. Rọ́bà táyà òtútù kì í le bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí àmì òkè olórí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín tó rí bí ìràwọ̀ láàárín. Ní Quebec, tó wà ní òdìkejì odò sí Ottawa, òfin ló fi dandan lé e fún ọkọ̀ ibẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ontario ò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n láti 2016, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dín owó kù fún ẹni tó bá lò ó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n pààrọ̀ o, kì í ṣe méjì ẹ̀yìn nìkan. Bí ẹ̀yìn bá ń di ilẹ̀ mú tí iwájú ń yọ̀, sítíárì á kàn máa yí lásán ni.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé MX-5 ò lè rìn nínú òjò dídì torí pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Àsọdùn ni. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 1,000 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba síwájú sẹ́yìn. Jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà á ju u lọ nídìí gbígbéra, ìyẹn ló ń kó sí àwọn oníjíìpù lórí. Nígbà tó bá kan dídúró, táyà nìkan ló ń sọ̀rọ̀, jíìpù sì wúwo jù ú lọ. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi jíà kejì gbéra níbi tó bá ń yọ̀. Kí wọ́n má já jíà wálẹ̀ lójijì lórí yìnyín, torí ẹ́ńjìnnì lè fà táyà ẹ̀yìn dúró, kí ìdí ọkọ̀ sì yí lọ. Bí ìdí bá yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, ọ̀tún náà ni kí wọ́n yí sítíárì sí, kí ojú wọn wà níbi tí wọ́n fẹ́ lọ, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù wẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń dá yíyọ̀ dúró, kí wọ́n máa tàn án sílẹ̀. Àfi bí ọkọ̀ bá rì sínú òjò dídì tí kò lè jáde ni kí wọ́n pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àpò iyanrìn nínú búùtù? Kò pọn dandan fún un, búùtù yẹn ò gbà ju báàgì méjì lọ náà.

Ohun tó máa dá a dúró ní tòótọ́ ni pé ó kúrú. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò tó íǹṣì 6. Ọjọ́ tí òjò dídì bá ga ju ìyẹn lọ, abẹ́ ọkọ̀ á jókòó lé e, táyà ẹ̀yìn á máa yí lófuurufú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn táyà, òróró. Ní Kánádà, àwọn ilé iṣẹ́ wà, Krown jẹ́ ọ̀kan, tó máa ń fín òróró sábẹ́ ọkọ̀ àti sínú àwọn ihò irin rẹ̀. Òróró yẹn kì í gbẹ, ó máa ń rìn wọ ibi tí ọwọ́ ò dé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un fín. Oṣù Kẹwàá ló dára jù, kí iyọ̀ tó dé. Kí wọ́n sọ fún wọn pé inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí wọ́n fín dáadáa. Fífọ ọkọ̀ náà, ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá gòkè ju òdo lọ ni kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì san owó èyí tó ń ta omi sábẹ́. Nínú òtútù líle, iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, omi tí wọ́n bá sì fi fọ̀ ọ́ á dì mọ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tó bá fẹ́ wọkọ̀ ojú omi, ẹ ní kí wọ́n yọ táyà òtútù, kí wọ́n fi ti ẹ̀ẹ̀rùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Rọ́bà tó rọ̀ nínú òtútù á rọ̀ jù lórí ọ̀dà títì Ìlọrin lóṣù Kẹta. Ọkọ̀ á máa fì lọ́wọ́ yín, táyà á sì jẹ kíá. Fọganáísà wa máa ń ta irú táyà bẹ́ẹ̀ ní tókúnbọ̀, tí àwọn èèyàn ń yìn ín pé ihò rẹ̀ jìn. Ẹ wá àmì òkè olórí mẹ́ta yẹn lára rẹ̀, tí ẹ bá rí i, ẹ dá a padà. MX-5 yìí ò sì ní táyà àfidípò rárá, oògùn tí a ń fún sínú táyà àti pọ́ǹpù ló bá wá. Kí ẹ mọ̀ kó tó di pé táyà jò mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín Àjàṣẹ́ àti Ọ̀fà.

Omi rédíétọ̀ tó bá wá, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan dà á nù kó fi omi kànga dípò rẹ̀ pé òtútù ò sí níbí. Oògùn inú omi yẹn ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ìpẹtà láti inú, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, èyí tí ooru wa ń fẹ́ ju ti Ottawa lọ.

Bó bá dé ní àárín òjò, torí lẹ́yìn òtútù ni wọ́n á fi í ránṣẹ́, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ẹnu páìpù omi bọ àwọn ihò abẹ́ irin ilẹ̀kùn, kí omi máa ṣàn jáde títí ahọ́n ò fi ní mọ iyọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá bá yín pé kí àwọn fi ọ̀dà dúdú tó nípọn kun abẹ́ rẹ̀ kó lè rí bíi tuntun. Ẹ kọ̀. Ọ̀dà yẹn máa ń le, ó máa ń là, omi á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ohun tó ń jẹ á máa jẹ lọ, ẹ ò sì ní rí i. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ á fi dé, kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́ dé inú, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fín òróró sí gbogbo ihò rẹ̀. Bí wọ́n ò bá rí irú ti Kánádà rà, òróró ẹ́ńjìnnì tuntun tó fúyẹ́ á ṣe é, èyí tí wọ́n bá dà jáde látinú ẹ́ńjìnnì ò dára fún un. Wọ́n á fín in níbi tó jìnnà sí kànga yín, torí á kán sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.